Yìnyín Kọ́ Ló Ń Pa Ọkọ̀, Iyọ̀ Ni

Gbogbo ìgbà tí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin ní Chicago, tí afẹ́fẹ́ adágún Michigan bẹ̀rẹ̀ sí í gé ni létí, àwọn èèyàn mi máa ń retí pé kí n ti ọkọ̀ kékeré mi mọ́lé, kí n da aṣọ bò ó, kí n sì máa wọ ọkọ̀ ojú irin títí di oṣù kẹrin. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mazda Miata ni ọkọ̀ náà, oníjókòó méjì, òrùlé rẹ̀ ń ṣí, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Òun ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, òun ni mo ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nínú yìnyín, nínú òtútù, nínú ẹrẹ̀ iyọ̀ tí àwọn típà ìjọba ìlú ń dà kálẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣe é. Ohun tí mo ní í sọ fún ẹni tó bá ń gbèrò irú rẹ̀ ni pé ohun tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù kọ́ ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Yìnyín, ojú yín ni yóò ṣe dé, ẹ ó sì mọ bí ẹ ó ti ṣe é. Iyọ̀ ni kò ní jẹ́ kí ẹ rí òun títí yóò fi jẹ irin tán.

Ọkọ̀ yìí àti ìlú yìí kì í ṣe àjèjì síra wọn. Níbi Chicago Auto Show, ní oṣù kejì ọdún 1989, ni Mazda ti kọ́kọ́ gbé Miata jáde fún aráyé rí, oṣù kejì sì rèé, àárín gbùngbùn ìgbà òtútù ni níbí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀. Kò tóbi, kò wúwo. Ìwọ̀n rẹ̀ lé díẹ̀ ní 1,000 kílò, ẹ́ńjìnnì tèmi ò sì ju lítà 1.8 lọ. Ìran kejì ni tèmi, èyí tí wọ́n ṣe títí di ọdún 2005. Mo dìídì wá ìran yẹn nítorí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀. Ike ni wọ́n fi ṣe fèrèsé ẹ̀yìn ìran àkọ́kọ́, ike náà sì máa ń gan nínú òtútù. Bí èèyàn bá ká òrùlé rẹ̀ lọ́jọ́ tí òtútù mú, ó lè sán. Ti ìran kejì, gíláàsì gidi ni, ó sì ní okùn iná tó ń yọ́ omi dídì kúrò lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ rí láàárọ̀ oṣù kìíní láìrí ẹ̀yìn yóò mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Houston ni mo ti rà á. Kì í ṣe torí owó, nítorí Miata pọ̀ ní Illinois níbí. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ọkọ̀ ni. Ní Houston, òjò ló ń rọ̀, oòrùn ló ń ràn, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n da nǹkan kan sójú títì nítorí yìnyín. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé níbẹ̀ ló bá mi wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, tó ya fídíò ránṣẹ́ sí mi. Àwọn bọ́ọ̀tì ṣì ń dán, ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára irin bí wọ́n ṣe kùn ún. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n sanwó. Ọ̀dà ara, ìjókòó, rédíò, gbogbo ìyẹn ló ṣeé tún ṣe. Irin tí iyọ̀ ti jẹ kò ṣeé dá padà, àfi kí wẹ́dà gé e sọ nù kó sì jó tuntun mọ́ ọn.

Táyà ni mo rà tẹ̀ lé e, kí n tó ra ohunkóhun mìíràn. Àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ní jíìpù ńlá, sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe ta nǹkan yìí kí ẹ ra fóò-wíìlì? Yìnyín ò mọ ẹni tó mọ ọkọ̀ wà o." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìgbà tó bá fẹ́ gbéra ló ń jàǹfààní ìyẹn. Bó bá di pé ká dúró, táyà mẹ́rin náà ni gbogbo wa ní, bí rọ́bà wọn bá sì ṣe di ilẹ̀ mú tó ni ọkọ̀ ṣe máa dúró tó.

Rọ́bà táyà ìgbà ooru máa ń le bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 7 ti Celsius. Bó bá le tán, kì í di ilẹ̀ mú mọ́, yìnyín ìbáà wà nílẹ̀, ìbáà má wà. Táyà eré sísá tó máa ń wà lẹ́sẹ̀ irú ọkọ̀ tèmi ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí nínú òtútù líle, rọ́bà wọn lè là. Rọ́bà táyà ìgbà òtútù kì í le bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára tó fi lè máa bu yìnyín jẹ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ tó sanwó. Àmì òkè olórí mẹ́ta tí ẹyọ yìnyín wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ wá. Èyí tí wọ́n kàn kọ M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) sí lára, kò pọn dandan pé ó yege ìdánwò kankan nínú yìnyín.

Mo mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, lórí rímù irin oní-ínǹṣì 14. Ó máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu, torí táyà gbòòrò ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọkọ̀ asáré. Nínú yìnyín rírọ̀, táyà gbòòrò máa ń léfòó sórí rẹ̀ ni, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gé e wọlẹ̀ títí yóò fi kan ojú títì. Ẹ sì máa wo afẹ́fẹ́ inú wọn, nítorí bí òtútù bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 ti Celsius jù sílẹ̀, afẹ́fẹ́ táyà máa ń dín ní nǹkan bí psi kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà. Táyà tí ẹ fẹ́ dáadáa nínú oṣù kẹwàá yóò ti rọ̀ nínú oṣù kìíní láìjò.

Lẹ́yìn táyà, ó ku ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Jíà kejì ni mo fi ń gbéra lórí yìnyín. Agbára jíà kìíní ti pọ̀ jù, táyà á kàn máa yí lójú kan, á sì máa dán abẹ́ ara rẹ̀ títí á fi di gíláàsì. Bí mo bá fi jíà kejì sí i, mo máa ń jọ̀wọ́ kíláàṣì díẹ̀díẹ̀ láì tẹ iná rárá, ọkọ̀ á sì wọ́ jáde fúnra rẹ̀. Ní kọ́nà, mo máa ń parí bíréèkì kí n tó yí ọwọ́. Inú kọ́nà ni ewu wà, kì í sì í ṣe bí a bá tẹ iná jù nìkan. Bí a bá déédéé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ìwọ̀n ọkọ̀ á sáré lọ síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì fa táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ìdí ọkọ̀ ti ń yọ̀ nìyẹn. Bó bá ti yọ̀, ibi tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ gbé ojú lé, kì í ṣe ibi tí ẹ ń bẹ̀rù. Ọwọ́ máa ń tẹ̀ lé ojú. Mo fi ọ̀pọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kọ́ èyí ní àgbàlá ìgbọ́kọ̀sí kan tó ṣófo, lẹ́yìn tí mo ti gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá máa wa irú ọkọ̀ yìí níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ kí yìnyín tó ká a mọ́ ojú títì láàárín ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún afárá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí rẹ̀, ó ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà òun ló máa ń kọ́kọ́ dì nígbà tí títì tó ṣáájú rẹ̀ ṣì jẹ́ omi lásán. Àwọn afárá tó ń ṣí lókè odò Chicago tún ní tiwọn. Irin oníhò ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ọkọ̀ kékeré bá gun orí rẹ̀, á máa hó wùù lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, sítíárìn á máa mì díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má bá a jà. Ẹ dì í mú láìfún un pa, ẹ má tẹ bíréèkì lórí rẹ̀, á gbé yín kọjá.

Àwọn kan máa ń di àpò iyanrìn sínú búùtù kí ẹ̀yìn lè wúwo. Ó wúlò fún píkọ̀ọ̀pù tí ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́. Ìwọ̀n Miata fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn, kò nílò rẹ̀. Àpò iyanrìn kékeré kan wà nínú tèmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí táyà bá há ni mo ń bu díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tòun ti ṣọ́bìrì.

Ó ní ọjọ́ tí n kì í gbé e jáde. Ikùn ọkọ̀ náà kò jìnnà sílẹ̀, bí yìnyín bá sì ti ga ju ikùn lọ, ọkọ̀ á gun orí rẹ̀, táyà á sì wà lófuurufú. Kò sí táyà tàbí ọgbọ́n ẹsẹ̀ tó lè tún ìyẹn ṣe. Àwọn tó ti pẹ́ níbí ṣì ń sọ ìtàn alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2011, nígbà tí yìnyín tó lé ní ínǹṣì 20 já lu ìlú, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ há sí Lake Shore Drive, títì ńlá etí adágún, di ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì èrò wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, tí òtútù dé ìwọ̀n 30 sísàlẹ̀ òdo Celsius. Lọ́jọ́ tí òtútù bá dé irú ibẹ̀ yẹn, ọ́ìlì á ki, agbára bátìrì á fà sẹ́yìn, kò sì sí ìdí tí a fi máa fìyà jẹ ẹ́ńjìnnì. Ojú irin wà.

Òfin ìgbọ́kọ̀sí ìlú náà kan àwa òṣìṣẹ́ alẹ́ gan-an. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ sí àwọn títì ńlá kan láàárín aago mẹ́ta òru sí aago méje àárọ̀, yìnyín ìbáà rọ̀ tàbí kó má rọ̀. Wọ́n máa ń wọ́ ọkọ̀ lọ láìbèèrè. Ní àwọn àdúgbò kéékèèké sì rèé, ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì gbẹ́ àyè ọkọ̀ rẹ̀ jáde á fi àga tàbí àjákù tábìlì dí i, kò sì sí aládùúgbò tó máa gbé e kúrò. Mo fara mọ́ àṣà yẹn. Ẹni tó bá ti gbẹ́ yìnyín rí mọ ohun tó ń ṣọ́.

Ó wá ku iyọ̀. Omi ń dì ní òdo Celsius, bí iyọ̀ bá wọ inú rẹ̀, kì í tètè dì mọ́. Látìgbà tí ìpínlẹ̀ New Hampshire ti dán an wò ní ọdún 1938 ni Amẹ́ríkà ti ń dà á sójú títì. Iyọ̀ kan náà tá a fi ń sebẹ̀ ni, wọn ò kàn fọ̀ ọ́ mọ́ ni. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Ibi ìwakùsà iyọ̀ ńlá kan wà lábẹ́ ìlú Detroit gan-an, ó jìn ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Bí òtútù bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 9 sísàlẹ̀ òdo, iyọ̀ yẹn nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà wọ́n máa ń da kálísíọ́ọ̀mù kílóráìdì tàbí maginíṣíọ́ọ̀mù kílóráìdì mọ́ ọn. Àwọn méjì wọ̀nyí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí títì tilẹ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ yín ṣì tutù, ó sì ń jẹ irin lọ. Ọkọ̀ tó funfun láti òkè dé ilẹ̀ tó dà bíi pé ó gbẹ, kò gbẹ.

Ohun tó wá ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ gáréèjì tó móoru. Wọ́n rò pé àwọn ń ṣe ọkọ̀ lóore bí wọ́n bá gbé e wọbẹ̀ lálẹ́. Ooru máa ń mú kí irin tètè dógùn-ún ni. Yìnyín oníyọ̀ tó dì gbagidi lábẹ́ ọkọ̀ níta kò lè ṣe púpọ̀. Inú gáréèjì tó móoru ló ti máa yọ́, tí yóò sì ṣàn wọ gbogbo ihò. Ilé tí kò ní ìmóoru ni tèmi ń sùn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kó máa sùn.

Bàbá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń bá mi tọ́jú ọkọ̀ náà ní South Side, apá gúúsù Chicago. Lọ́jọ́ kan tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, Miata ẹlòmíràn ni wọ́n gbé sókè, ọkọ̀ tó ti gbé gbogbo ayé rẹ̀ ní Illinois. Wọ́n pè mí. Ọ̀dà ara rẹ̀ dára, pupa fòò, ó ń dán. Bàbá mú sukudiráfà, wọ́n fi ìdí rẹ̀ kan irin abẹ́ ilẹ̀kùn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Kó, kó, kó. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ táyà ẹ̀yìn, ìró náà yí padà, ó di pọ̀, pọ̀. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó rì wọlé, ègé pupa rẹ́kẹrẹ̀kẹ sì já bọ́ sílẹ̀, omi dúdú tẹ̀ lé e. "Ṣé o rí i? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ni Bàbá wí.

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Omi tó bá rọ̀ sórí òrùlé Miata máa ń ṣàn gba ihò méjì lẹ́yìn ìjókòó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì máa ń jáde níwájú táyà ẹ̀yìn. Bí ewé àti erùpẹ̀ bá dí ihò náà, omi á padà sínú irin abẹ́ ilẹ̀kùn, á sì dúró síbẹ̀. Iyọ̀ ń jẹ ẹ́ láti ìta, omi ń jẹ ẹ́ láti inú, ọ̀dà wà láàárín tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ti okùn ike tí wọ́n fi ń gé koríko bọ inú ihò méjèèjì, nígbà ìwọ́wé àti nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán, mo sì ń bu omi sí i láti rí i pé ó ń jáde nísàlẹ̀. Ìran kejì tún ní ibòmíràn tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn igi ṣáásì iwájú, níbi tí irin ti ṣẹ́po léra. Iyọ̀ máa ń wọ àárín rẹ̀ tí kì í jáde mọ́, irin tó sì gbé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ dúró ni.

Nínú oṣù kẹwàá, lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, a máa ń gbé ọkọ̀ sókè, a sì ń fín ọ̀rá ara irun àgùntàn sí gbogbo abẹ́ rẹ̀. Lanolin ni wọ́n ń pè é, inú agolo ni wọ́n ń tà á. Ó ń rùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyàwó mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kì í gan, ó máa ń rọ̀ títí, ó sì ń rá wọ inú ibi tí ọwọ́ kò lè dé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń kun rọ́bà dúdú sábẹ́ ọkọ̀, èmi kò fara mọ́ ọn. Bí rọ́bà yẹn bá là níbì kan péré, omi iyọ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ojú kò sì ní rí i mọ́. A máa ń fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ fín ọ̀rá náà sínú irin abẹ́ ilẹ̀kùn àti igi ṣáásì, láìdí àwọn ihò tí omi ń gbà jáde. Bàbá tún fi páìpù bíréèkì tí wọ́n fi kọ́pà àti níkẹ́ẹ̀lì ṣe rọ́pò ti irin, nítorí èyí kì í dógùn-ún, bíréèkì sì ni ohun tó kẹ́yìn tó yẹ kó já ní títì tó ń yọ̀. Wọ́n tú àwọn bọ́ọ̀tì gígùn tí wọ́n fi ń ṣe aláìmẹ́ǹtì, wọ́n fi gírísì pa wọ́n lára kí wọ́n tó dá wọn padà. Ẹni tí kò bá ṣe ìyẹn nígbà tí ọkọ̀ ṣì mọ́, iná àti ayùn ni wọ́n máa fi yọ wọ́n lọ́jọ́ iwájú.

Fífọ ọkọ̀ kò ju ká dúró de ọjọ́ tí òtútù bá rọjú kọjá òdo lọ. Abẹ́ ni mo ń fọ̀ jù, ihò táyà, ẹ̀yìn rímù. Ẹ bi wọ́n níbi ìfọkọ̀ bóyá omi tuntun ni wọ́n ń fín sábẹ́, torí àwọn kan máa ń tún omi tí wọ́n ti lò lò, iyọ̀ ọkọ̀ ẹlòmíràn sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ nu rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn gbẹ kí ilẹ̀kùn má baà dì pa mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Nínú oṣù kẹrin, tí òjò bá ti fọ títì mọ́, ni mo ń ṣe ìfọ̀ tó gba àkókò jù, tí mo ń jókòó ti abẹ́ ọkọ̀ náà fún gbogbo ọjọ́. Oṣù yẹn ni iyọ̀ ń ṣiṣẹ́ jù, torí ooru ti dé, tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò sì ti gbàgbé rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra Miata lọ́wọ́ ẹnìkan ní Chicago tàbí nítòsí rẹ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání. Ẹ wo iwájú táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì tọ irin abẹ́ ilẹ̀kùn lọ, ibi tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Ẹ wo igi ṣáásì lẹ́yìn táyà iwájú, kí ẹ wá bóyá ó wú tàbí ó là létí. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ìjókòó, kí ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Bó bá tutù, ẹ kí onítọ̀hún pé ó ṣeun, kí ẹ máa lọ, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ máa dán tó.